Kòkòrò Tó Ń Gbé Ṣóńṣó Igi Páìnì

Ẹ̀yin ọmọ Òkokomàíkò, ẹ ti yọ mí lẹ́nu tó. Bí mo bá ti gbé àga síwájú ilé báyìí, ẹnìkan nínú yín á ti yọ: "Bàbá Kòkòrò, iṣẹ́ wo ni kí n kọ́?" Ọ̀kan fẹ́ lọ máa tún fóònù ṣe l'Álàbá. Òmíràn ń wá ọ̀nà Kánádà. Ẹni tó wá lánàá kò tilẹ̀ mọ iṣẹ́ tó fẹ́, àfi pé kò fẹ́ èyí tí oòrùn ti ń pani. Ó dáa, ẹ fìdí kalẹ̀. N óò ro tèmi fún yín, kí ẹ fi wé ohun tó wà lọ́kàn yín. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹ má ṣáà fi mí rẹ́rìn-ín kí n tó sọ ọ́ tán, nítorí iṣẹ́ tí ẹ fi ń pè mí ní Kòkòrò yẹn ló kọ́ ilé tí ẹ jókòó sábẹ́ òjìji ẹ̀ yìí.

Iṣẹ́ mi ni pé mò ń gun igi páìnì, mò ń mú kòkòrò tó ń gbé orí ẹ̀, mo sì ń sọ ibi tí mo ti mú un gan-an fún àwọn tó fẹ́ mọ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu ẹ̀ ni mo ti di géńdé, ẹnu ẹ̀ náà ni mo ti hu ewú.

Ṣé ẹ mọ páìnì? Igi àjèjì ni. Ewé ẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, èso ẹ̀ le bí ṣùkù àgbàdo tó ti gbẹ, oje ara ẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ débi pé kẹrosíìnì nìkan ló ń bọ́ ọ. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan lápá ọ̀dọ̀ wa níbí gbin oko páìnì kan sí orí ilẹ̀ yanrìn, lọ́nà Ìbà, kí ilé tó gba gbogbo ibẹ̀. Nígbà tí igi náà ga tán, àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé: igi tó ti òkè òkun wá yìí, ta ni nínú àwọn kòkòrò ilẹ̀ wa tó ti kó lọ gbé orí ẹ̀? Ta ló gba òkè pátápátá? Ta ló wà láàárín? Ta ló fara mọ́ ìdí igi? Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí Ìbà Housing Estate, tí oníkálukú ń sáré gba yàrá tó wù ú. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ kan ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Èmi ni wọ́n rán.

Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gùn. Wọ́n ń wá ẹni tó mọ igi gùn, ẹnìkan ní kí wọ́n pe ọmọ alágbọn tó wà ní ìlú Ọ̀tọ̀. Owó oṣù ńkọ́? Ó ń wọlé. Ìgbà míì ó pẹ́. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ṣòro wà lọ́dọ̀ ìyá mi. Àwórì pọ́ńbélé ni wá, àgbọn sì ni bàbá mi ń gùn jẹun. Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ara igi yọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ tàsé, ó já bọ́, kò sì dìde mọ́. Mo kéré nígbà náà. Ìyá mi kò lọ́mọ míì lẹ́yìn mi, kò sì fẹ́ ọkọ míì. Ẹja sísun ló fi tọ́ mi dàgbà. Ẹ̀yin náà ẹ wá ro ó wò, ọjọ́ tí mo délé tí mo ní wọ́n ti fún mi níṣẹ́ igi gígùn.

Ó gbé ẹja tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Músílíù, igi tó pa bàbá ẹ ló ń wá ẹ bọ̀ yìí?"

Mo ní, "Màámi, àgbọn ló pa bàbá mi. Páìnì lèyí."

Ó ní, "Ilẹ̀ tí èèyàn ń já bọ́ sí, ṣé ìyẹn náà yàtọ̀ ni?"

 Mo bẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo lọ. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti wọ ilé wa, kò sì jáde títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rù yẹn ò jẹ́ ohun míì ju pé ṣé máa sọ̀kalẹ̀ láàyè tàbí wọ́n á gbé mi wálé bí wọ́n ṣe gbé bàbá mi. Ọjọ́ kan ò lọ tí ìyá mi kò ronú ẹ̀. Èmi náà ń ronú ẹ̀, mi ò kàn jẹ́ kó mọ̀ ni.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gá Títù, ọmọ Ẹ̀gùn láti apá Àgbádárìgì. Ó ga, ó tín-ínrín, ẹnu ẹ̀ sì mú! Bí inú bá bí i, á kọ́kọ́ fi Yorùbá bú ẹ, tó bá rí i pé kò tó, á fi èdè Ẹ̀gùn parí ẹ̀, wàá sì mọ̀ pé èyí tí o kò gbọ́ yẹn ló burú jù. Mo ti rò pé ọjọ́ àkọ́kọ́ ni máa gòkè. Ọmọ alágbọn ni mí, kí ló kù? Ọ̀gá Títù wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó ní, "Ìwọ mọ igi gùn. Ọ̀bọ náà mọ̀ ọ́n gùn. Jókòó."

Bí mo ṣe jókòó sílẹ̀ nìyẹn, mi ò gòkè fún ìgbà pípẹ́. Òun ń gòkè, èmi ń kó òkú kòkòrò síbi tó yẹ. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà síhìn-ín, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ sọ́hùn-ún. Ọjọ́ tí mo kó alántakùn mọ́ kòkòrò, ó pariwo débi tí àwọn tó ń gé koríko lókèèrè fi bojú wẹ̀yìn. "Ka ẹsẹ̀ ẹ̀! Ṣé ojú ò sí lórí ẹ ni? Alántakùn kì í ṣe kòkòrò tiwa, ọdẹ tó ń pa kòkòrò tiwa ni!" Ó ní kí n ta okùn ní kókó láì wojú ẹ̀. Ó ní kí n tú u. Ó ní kí n tún un ta pẹ̀lú ọwọ́ tí oje páìnì ti lẹ̀ pọ̀. Bí mo bá bi í pé kí ló dé, á ní, "Tí òjò bá bá ẹ lókè, ṣé ọwọ́ gbígbẹ lo máa yá?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé okùn náà, nítorí òun ni ẹ̀mí wa. Igbà ni èkíní, èyí tí àwọn akọpẹ máa ń pa yí ara wọn àti igi ká. Okùn kejì, a ti jù ú gba orí ẹ̀ka tó nípọn. Ìkangun kan wà ní ìbàdí ẹni tó wà lókè, ẹni tó wà nílẹ̀ lọ́ ìkejì mọ́ ìdí igi, ó sì dì í mú. Bí ti òkè bá yọ̀, ti ilẹ̀ ló máa gbà á. Òfin Ọ̀gá Títù ni pé ẹni tó wà nílẹ̀ kò gbọdọ̀ fi okùn sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ejò ló ń kọjá lórí ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó ti sọ ọ́ títí mo fi ń lá àlá ẹ̀.

Nígbà tó wá gbà kí n gòkè, ó fún mi ní ìgò mẹ́ta. Ìgò tí a so òwú pupa mọ́ lọ́rùn wà fún ṣóńṣó igi níbi tí oòrùn ti ń pa á. Ti òwú funfun wà fún àárín. Ti òwú dúdú wà fún ìsàlẹ̀, lábẹ́ òjìji. Màá na agbòòrùn tí a dojú ẹ̀ kọ òkè, tí a ti fi aṣọ funfun tẹ́ inú ẹ̀, sábẹ́ ẹ̀ka. Màá fi ọ̀pá lu ẹ̀ka náà jẹ́jẹ́. Ohun tó bá já bọ́ sínú aṣọ, màá fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fà á mu wọ inú ìgò. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹnu ni mo fi ń fà á! Aṣọ pẹlẹbẹ kan máa ń dí ẹnu rọ́bà náà kí kòkòrò má baà wọ ọ̀nà ọ̀fun. Lọ́jọ́ kan aṣọ náà yọ, tanpẹ́pẹ́ sì ta mí ní gbòǹgbò ahọ́n. Ọ̀gá Títù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní kí n má tu ú nù o, kí n kọ́kọ́ sọ òkè tàbí ìsàlẹ̀ tí mo ti mú un.

Bó ṣe rí nìyẹn. Ibi tí kòkòrò ti wá ló jẹ ẹ́ lógún ju kòkòrò fúnra ẹ̀ lọ. Ó máa ń sọ pé, "Kòkòrò tí o ò mọ ibi tí o ti mú un, òkú lásán ni. Èèrà ilé ìyá ẹ náà ń kú."

Nígbà tó yá, mo wá rí ohun tó ń rí. Háà, ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi gbé e wò! Láti ìsàlẹ̀ ẹ ó rò pé igi kan ṣoṣo ni. Bí ẹ bá gòkè, ìlú mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀, lábẹ́ èèpo, ikán àti aáyán igbó ni, tútù ni wọ́n fẹ́. Láàárín, àwọn kòkòrò abàyà-líle, ẹbí yímíyímí, tí ń jẹ èso páìnì, àti àwọn ìdin tí ara wọn jọ ewé páìnì débi tí ọwọ́ á fi kàn wọ́n kí ojú tó rí wọn. Lókè pátápátá, níbi tí ewé ti tutù yọ̀yọ̀, àwọn kékeré tí ń fa omi ewé mu ló wà níbẹ̀, tí èèrà ń sìn wọ́n bí Fúlàní ṣe ń sin màlúù. Bí ọyẹ́ bá dé, gbogbo ará òkè á kó sọ̀ kalẹ̀ wá bá ará àárín, wọ́n á há ara wọn mọ́ ìdí ewé. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, oníkálukú á padà sí yàrá ẹ̀. Láti ṣóńṣó ibẹ̀ mò ń rí páànù Àlàbá tó ń dán lọ́nà ọ̀hún, mò ń rí omi ọ̀sà, afẹ́fẹ́ sì ń mi mí bí ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá ẹ̀. Mo fẹ́ràn ibẹ̀. Mi ò lè purọ́ fún yín, mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, bí ẹ̀rù tilẹ̀ ń bà mí.

Ẹni tó ń rán wa níṣẹ́ ni olùkọ́ obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Màdáàmù Dókítà. Ó kúrú, ó yára, kì í sì í wọ bàtà gogoro wá sóko bíi ti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Òun ló kọ́ wa láti máa ṣe oúnjẹ àlejò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n jù ni, a ó gún un, a ó da ẹmu sí i, a ó jẹ́ kó kan, a ó wá fi kun èèpo igi. Òórùn ẹ̀ ni àwọn labalábá àti kòkòrò abàyà-líle kan máa ń gbọ́ tí wọ́n á fi wá. Ìsàlẹ̀ igi la máa ń kùn ún sí. Lọ́jọ́ kan Màdáàmù ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn àlejò tó ń wá sísàlẹ̀ náà ń gòkè, kí á kun òkè náà. Ọ̀rọ̀ náà kò burú létí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Oyin ń gbé inú ihò páìnì kan tó ti kú lórí, létí igi tí a fẹ́ gùn. A mọ̀ wọ́n, wọ́n mọ̀ wá. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé a ti ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, wọn ò bá wa jà rí. Ọ̀gá Títù so agolo oúnjẹ àlejò mọ́ ìbàdí, ó gòkè lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ lọ. Èmi wà nílẹ̀, mo di okùn mú, Màdáàmù sì wà lẹ́bàá ọkọ̀ ẹ̀ lókèèrè. Bó ṣe dé òkè tó ń tú agolo, agolo náà fì, ó sì dà sí i láyà.

Orin dákẹ́. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaná. Ohun tó kàn ni ohùn ọ̀gá mi. "Músílíù! Sọ̀ mí! Sọ̀ mí kalẹ̀!"

Mo dẹ okùn. Ó sọ̀ díẹ̀, okùn náà há! Ó ti bọ́ sí àárín kùkùté ẹ̀ka kan tó ti ṣẹ́, kò lọ, kò bọ̀. Ọ̀gá Títù rọ̀ dirodiro lójú òfurufú, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, oyin sì bò ó bí aṣọ. Mo fa okùn, ó ń há sí i ni. Ìgbà náà ni oyin rí èmi náà. Yéè! Ẹni tí oyin kan ta rí, kó fi ìyẹn ro gbogbo ilé oyin wò.

Mo lè sá. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ sá, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n mo wòkè, mo rí i pé ọwọ́ ọ̀gá mi ti ń rọ̀ kúrò lójú ẹ̀. Mo ta okùn náà ní kókó mọ́ ìdí igi láì wò ó, bó ṣe kọ́ mi. Igbà wà lọ́dọ̀ ẹ̀ lókè, kò sí èyí tí máa lò. Mo yọ aṣọ funfun inú agbòòrùn, mo fi kọ́ èjìká, mo fi àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ lásán gun igi náà. Kì í ṣe bàbá mi ló wá sí mi lọ́kàn. Ìyá mi ni, àti ẹja tó gbé sílẹ̀ lọ́jọ́sí. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé, "Màámi, ẹ má bínú, ẹ má bínú." Oje igi tí mo ti ń bú láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ló ràn mí lọ́wọ́, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, kò jẹ́ kí n yọ̀.

Mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi, mo ju aṣọ náà bò ó lórí.  Mo kọjá lọ sókè, mo yọ ọ̀bẹ, mo gé kùkùté náà títí okùn fi yọ pẹ̀rẹ̀, kókó tó wà nísàlẹ̀ sì gbà á. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ilẹ̀ mọ́ bí mo ṣe ń padà, ojú mi ti ń pa dé. Bí mo ṣe fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, èéfín ni mo gbọ́ òórùn ẹ̀. Màdáàmù Dókítà ti di ewé páìnì gbígbẹ ní ìdì, ó ti finá sí i, ó ń fì í yí wa ká, ó ń wúkọ́, ó ń pariwo pé, "Dẹ̀ ẹ́! Dẹ okùn, Músílíù, mo wà lẹ́yìn ẹ!" A sọ ọ̀gá kalẹ̀ wọ inú èéfín. Ọkọ̀ Màdáàmù ló gbé wa dé ọsibítù.

Ọ̀rọ̀ ń sáré ju ọkọ̀ lọ ní ìlú wa. Ohun tó dé Ọ̀tọ̀ ni pé ọmọ alágbọn ti já bọ́ bíi bàbá ẹ̀. Ìyá mi kò mú ìborùn, kò wọ bàtà. Mo ń gbọ́ ẹkún ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó wọlé, ó ń wo ojú ẹni tó wà lórí ibùsùn kọ̀ọ̀kan, ó wo èmi náà, ó sì kọjá mi lọ. Ojú mi ti wú tó bẹ́ẹ̀!

Mo ní, "Màámi. Èmi rèé."

Ó yí padà. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi, èkíní, èkejì. Ó fọwọ́ kan ọwọ́ mi. Ó ní, "Kò sí èyí tó kán?" Mo ní kò sí. Ó wólẹ̀ síbẹ̀, ó ní, "Alhamdulillah, Alhamdulillah!" Àwọn aláìsàn ń kí i, "Ìyá, ẹ kú ewu o! Ewu iná kì í pa àwòdì!"

Ọ̀gá Títù wà lórí ibùsùn tó tẹ̀ lé tèmi, ojú ẹ̀ ti dí pátápátá, ètè ẹ̀ dà bí bọ́ọ̀lù. Ó fẹ́ yìn mí. Ó ní, "Ìyá, ọmọ yín ló yọ mí. Láì lókùn ló gòkè wá bá mi o. Láì lókùn!"

Ìyá mi dìde nílẹ̀. Ó gbá mi létí. Gbàà! Lójú wíwú yẹn! Ó wá gbá mi mọ́ra, ó sì sunkún lórí mi títí nọ́ọ̀sì fi ní kó rọra.

Ibẹ̀ ló ti bá mi ṣe àdéhùn. Kò ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀, ó mọ̀ pé mi ò ní gbọ́. Ó ní mi ò gbọdọ̀ gun igi láì lókùn mọ́ láyé, àti pé ọjọ́ yòówù tí mo bá gòkè, kí òun fojú òun rí mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó ṣe di pé mò ń ti oko páìnì lọ Ọ̀tọ̀ kí n tó padà sílé nìyẹn. Ìyàwó mi Ṣìfáwù, nígbà tí mo fẹ́ ẹ, kọ́kọ́ rò pé mo ní obìnrin kan níbẹ̀. Mo ní, "Mo ní in. Ó ti darúgbó, ó ń sun ẹja." Nígbà tí fóònù dé, mo ra ọ̀kan fún ìyá mi, mo pè é láti oko pé mo ti sọ̀ o, mi ò ní lè wá lónìí. Ó ní, "Báwo ni mo ṣe mọ̀? Ohùn lè ti orí igi wá." Mo wọ ọ̀kadà lọ Ọ̀tọ̀.

Nígbà tí ara wa yá, Màdáàmù pè wá jókòó. Ó ti lọ wádìí. Ó ní bí oyin bá ta èèyàn, ó máa ń tú òórùn kan jáde tó fi ń pe àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sógun, òórùn náà sì jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n. Ọ̀gá Títù lanu. Ó ní, "A jẹ́ pé ogun ni mo so mọ́ ìbàdí lọ sílé wọn?" Màdáàmù ní bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ì bá ti mọ̀, ó sì dùn ún. Àwọn tí kì í kun ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ igi kò lè ṣe irú àṣìṣe yẹn láyé. Láti ìgbà náà, a kì í gbé oúnjẹ àlejò sún mọ́ ibi tí oyin bá wà.

Ọ̀gá Títù kò gòkè mọ́. Òun ló wá di ẹni tó wà nílẹ̀, èmi ni mo ń gòkè. Títí ó fi fẹ̀yìn tì, tó padà s'Ágbádárìgì lọ máa sin pẹ́pẹ́yẹ, okùn mi kò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ rí. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń wá ọ̀gá, ẹ má sá fún èyí tó le. Ẹ kàn wò ó bóyá ohun tó lè pa yín ló ń le lé lórí. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí àwo oúnjẹ ẹ̀ nìkan ló ṣe ń pariwo, ẹ wá ibòmíràn lọ.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Igbà lọ, àmùrè onírin dé, pẹ̀lú akoto tó ń mú orí gbóná. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ eléèéfín dé, tí èèyàn á dúró nílẹ̀, á fẹ́ oògùn sókè, gbogbo kòkòrò orí igi á sì máa já bọ́ bí òjò. Inú gbogbo èèyàn dùn, àfi Màdáàmù. Ó ní, "Wọ́n já bọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ti òkè wá, ta ló ti ìsàlẹ̀ wá?" Ló bá ní kí n gòkè lọ ta aṣọ sí ìpele kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fẹ́ oògùn náà. Ìyá mi gbọ́ pé ẹ̀rọ ti dé, ó ti yọ̀. Mo délé, mo ní mo ṣì ń gòkè. Ó pòṣé!

Àtùpà tó ń fa kòkòrò mọ́ra dé, páálí tó ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò lẹ́sẹ̀ dé. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ni dúróònù dé, èyí tó ń fò bí agbọ́n, tó lè gé ṣóńṣó ẹ̀ka kó sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń darí ẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ bínú sí i?" Bínú kẹ̀? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e jó! Mo wò ó bó ṣe ń lọ síbi tí mo ti ń fi àyà mi lọ, mo sì rò ó pé ìyá ẹnikẹ́ni kò ní sáré láì wọ bàtà nítorí èyí. Bó bá já bọ́, wọ́n á ra òmíràn.

Wọ́n ní kí n gòkè lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó fẹ̀yìn tì, kí n lọ tú okùn àtijọ́ kan tó ti ń jẹrà sílẹ̀ lókè. Mo gòkè jẹ́jẹ́. Mo wo ọ̀sà, mo wo páànù Àlàbá, tó ti pọ̀ ju ti ìgbà náà lọ fíìfíì. Àwọn kékeré tí ń fa omi ewé mu àti èèrà tó ń sìn wọ́n ṣì wà ní yàrá wọn. Mo kí wọn, mo sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì dé orí yanrìn, mo jókòó, mo sì rẹ́rìn-ín. Ó tán. Mi ò já bọ́.

Ọ̀tọ̀ ni mo gbà lọ. Ìyá mi ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ó jókòó síbi tó ti máa ń dúró dè mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Màámi, mo ti sọ̀ kalẹ̀. Mi ò ní gòkè mọ́. Iṣẹ́ ti parí."

 Ó dìde, ó wọ yàrá, mo ń gbọ́ tó ń gbé nǹkan síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ ibùsùn. Ó jáde pẹ̀lú ìdì àkísà kan. Ó tú u. Igbà ni, ó ti dúdú, àtijọ́ gbáà, ọwọ́ èèyàn ti jẹ ẹ́ dán lójú kan.

Ó ní, "Ti bàbá ẹ ni. Ó wà lára ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kò já, igi ló yọ̀. Mo gbé e pamọ́ kí o má baà rí i, kó má baà wù ẹ́ láti gun igi." Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, eyín kan tó kù ń hàn. "Mo wá gbé e pamọ́ pamọ́, o sì gun gbogbo igi tó wà nílẹ̀ yìí tán."

Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.  Mi ò mọ̀ bóyá kí n fi kan àyà ni àbí kí n tún un dì padà sínú àkísà.

Ó ní, "Kí lo ń wò? Ewúrẹ́ mi ń lọ jẹ ẹ̀gẹ́ olóko-ẹ̀gbẹ́ lójoojúmọ́, olóko náà sì ti fẹ́ bá mi jà. Lọ fi so ẹran náà mọ́lẹ̀."